Ogun A Máa Ka Ọmọ fún Ọlọ́mọ

A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi tọ́ wa nìyẹn, òun náà ló sì ń dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà nígbàkigbà tí akànìyàn ìjọba bá gbé ìwé àti bírò dé. "Mama, ọmọ mélòó lẹ bí?" "Èyí tí Ọlọ́run fún mi ni." Akànìyàn á tún ìbéèrè bi, ìyá á tún fi àdúrà dá a lóhùn. Ogun ò mọ èèwọ̀ yìí ní tirẹ̀. Ogun a máa ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì ń kà wọ́n: lọ́jọ́ tí wọ́n ń kó wọn lọ, àti lọ́jọ́ tí ìyókù bá padà dé.

Ohun tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni bí ìbímọ, ikú, ìṣípò àti ọjọ́ orí àwọn ènìyàn ìlú ṣe ń darí ogun ńlá títí dé ibi tó máa parí sí. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ lẹ́nu àwọn onímọ̀. Thomas Malthus, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ ní 1798 pé ènìyàn a máa pọ̀ ju oúnjẹ lọ, pé ogun sì wà lára ohun tó ń dín wọn kù. Gaston Bouthoul ní Faransé rí ogun bí ihò tí ìlú tí ọ̀dọ́kùnrin kún inú rẹ̀ fọ́fọ́ fi ń mí. Ní 2003, Gunnar Heinsohn ará Jámánì ní kì í ṣe ebi ló ń fà á: àwọn ọmọkùnrin kẹta àti kẹrin tí wọ́n yó, tí wọ́n kàwé, ṣùgbọ́n tí kò sí ipò kankan nílẹ̀ fún wọn, àwọn ló ń gbé idà. Ẹni tó bá ti rí ìjà ogún nínú agbo ilé ńlá kò ní fi Heinsohn ṣe yẹ̀yẹ́. Síbẹ̀, ohun tó ń dá ogun sílẹ̀ ni àwọn mẹ́ta yìí ń sọ jù. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ogun ṣe ń parí, ìbéèrè mìíràn ló yẹ kó bi: bí ẹni iwájú bá ṣubú, ta ló kù tó máa rọ́pò rẹ̀, ọdún wo ni wọ́n sì bí onítọ̀hún?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ilé. Kí 1840 tó pé, Ọ̀yọ́ Ilé ti dahoro, Òwu ti fọ́, àwọn ìletò Ẹ̀gbá tó wà káàkiri inú igbó ti di eérú. Àwọn tó yè dorí kọ gúúsù, ẹrù lórí, ọmọ lẹ́yìn. Ogunléndé ni wọ́n níbi gbogbo tí wọ́n dé. Ní nǹkan bí 1829, àwọn jagunjagun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ àti Ẹ̀gbá tẹ̀dó sí Ìbàdàn, ìlú Ẹ̀gbá kan tí ogun ti lé àwọn onílé rẹ̀ lọ. Ní 1830 ni Ṣódẹkẹ́ kó àwọn Ẹ̀gbá lọ sábẹ́ Olúmọ, tí Abẹ́òkúta fi dìde. Ìlú méjèèjì, ogunléndé ló kọ́ wọn.

Ohun tó mú Ìbàdàn yàtọ̀ ni pé kò sí ọba tó máa bi ẹni tó ń wọlé bọ̀ pé ọmọ ta ni ọ́. Ẹni tó bá lè kó ọmọ-ẹ̀yìn jọ, tó sì mọ ogun jà, oyè wà fún un. Ológun kọ̀ọ̀kan ló ní agbo ilé àti oko tirẹ̀. Àwọn tí wọ́n bá kó lójú ogun ló ń ro oko náà. Àwọn tó bá lágbára nínú wọn a gba ìbọn, wọn a sì bá olówó wọn lọ sí ogun tó kàn. Ogun ń mú ènìyàn wá, ènìyàn ń mú oúnjẹ jáde láti inú ilẹ̀, oúnjẹ ń gbé ogun mìíràn dìde. Nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin pàdé wọn ní Òṣogbo ní nǹkan bí 1840, tí wọ́n sì fọ́n ká, kì í ṣe ìgboyà nìkan ló ṣe é. Ìbàdàn ti ní arọ́pò.

Ìjàyè ló wá jẹ́ ká mọ̀ pé ènìyàn púpọ̀ tún lè di ẹrù. Aláàfin Àtìbà wàjà ní 1859, wọ́n sì fi Adélù ọmọ rẹ̀ jọba. Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tó wà ní Ìjàyè, kọ̀ jálẹ̀: Àrẹ̀mọ ni Adélù, bàbá rẹ̀ ló yẹ kó bá lọ. Ogun bẹ̀rẹ̀ ní 1860. Ẹ̀gbá kó ogun ńlá wá ran Ìjàyè lọ́wọ́, Ìjẹ̀bú náà sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ká ní orí nìkan ni wọ́n ń kà, Ìbàdàn ò ní fọkàn balẹ̀ sùn. Àmọ́ apá Òkè Ògùn ni oúnjẹ Ìjàyè ti ń wá, Ìbàdàn sì gé ọ̀nà yẹn. Àwọn ará oko sá wọ inú odi, oko wọn sì di pápá ogun. Àwọn Ẹ̀gbá tó wá ṣèrànwọ́, àwọn náà fẹ́ jẹun. Ẹnu ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́, iṣu ń tán lọ nínú àká. Nígbà tó yá, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri ìgboro láìsí ẹni tó ń bi í pé ilé ta lò ń lọ. Stone àti Phillips, àwọn oníwàásù Onítẹ̀bọmi ará Amẹ́ríkà tó wà nílùú náà, ń kó irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jọ, wọ́n sì kó wọn lọ sí Abẹ́òkúta. Kúrunmí kú ní 1861, lẹ́yìn tí ogun náà ti pa àwọn ọmọ rẹ̀ lójú rẹ̀. Ní oṣù kẹta 1862, Ìjàyè jóná. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ta ló tún kù tó lè dá Ìbàdàn dúró? Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ìlú tó bá ń fi ẹrú ogun rọ́pò ọmọ ogun gbọ́dọ̀ máa wá ogun kiri. Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n lọ ń kó, àjẹlẹ̀ sì jókòó ti àwọn tí wọn kò tíì kó. Ní 1878, Fábùnmi Òkè-Mẹ̀sí pa àjẹlẹ̀, Èkìtìparapọ̀ dìde. Ògèdèǹgbé tó wá di olórí ogun wọn, lọ́dọ̀ Ìbàdàn ló ti kọ́ iṣẹ́ ogun tó fi ń bá Ìbàdàn jà.

Kò tán síbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ènìyàn ni wọ́n ń tà fi ra ìbọn àti ẹ̀tù. Ọmọ ogun ọ̀la ni wọ́n ń tà ra ìbọn òní. Lára àwọn tí wọ́n tà, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba àwọn kan lójú òkun, ó sì já wọn sí Sàró. Níbẹ̀ ni wọ́n ti kàwé, tí wọ́n kọ́ òwò, tí àwọn àti àwọn ọmọ wọn fi padà sí Èkó. Nígbà tí ogun le, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà l'Ékòó, tí irú àwọn bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú wọn, kó ara wọn jọ, wọ́n dáwó, wọ́n sì fi ìbọn òyìnbó ìgbàlódé, èyí tí wọ́n ń ti ìdí kì ọta sí, ránṣẹ́ sílé. Ìró ìbọn yẹn ló fún ogun náà ní orúkọ tí a ń pè é dòní, Kírìjì. Ẹni tí ogun tà ló fi ìbọn ránṣẹ́ sí ogun.

Ọ̀nà márùn-ún ni Ìbàdàn ti ń jà lẹ́ẹ̀kan náà. Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn, kú sí bùdó ní 1885. Wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ní 1886, síbẹ̀ bùdó kò tú tán títí Gómìnà Carter fi dé láti Èkó ní 1893. Kò sẹ́ni tó ṣẹ́gun. Lójú tèmi, ohun tó fà á kò ṣòro láti rí: kànga tí Ìbàdàn ti ń fa arọ́pò ló ti di ọ̀tá rẹ̀.

Àwọn tí wọn kò rí gbà lójú òkun ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wọn bọ́ sí Cuba àti sí Bahia ní Brazil, ogun sì tún wá wọn dé ibẹ̀. Ní 1864 ni ogun tí Paraguay bá Brazil, Argentina àti Uruguay jà bẹ̀rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí iye àwọn ará Paraguay, ọ̀pọ̀ ló gbà pé wọn kò pọ̀ ju ìdajì mílíọ̀nù lọ. Brazil nìkan lé ní mílíọ̀nù mẹ́sàn-án. Àwọn aláwọ̀ dúdú Bahia wà lára àwọn tí Brazil kó jọ, ó sì wọ̀ wọ́n láṣọ ogun tiwọn. Ọ̀kan nínú wọn ni Cândido da Fonseca Galvão, ọmọkùnrin tí wọ́n bí sí Lençóis, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Yorùbá tó ti gba òmìnira. Ó ní ọmọ ọmọ Aláàfin Abíọ́dún lòun. Ó lọ sógun ní 1865, ó bọ̀ pẹ̀lú oyè ọ̀gá ológun, ó sì sọ ara rẹ̀ ní Dom Obá Kejì ti Áfíríkà. Títí wọ́n fi rọ Ọba Pedro Kejì lóyè ní 1889, ó ń wọ aṣọ ogun rẹ̀ rin ìgboro Rio lọ kí i láàfin, bí ọba ṣe ń lọ kí ọba. Ọ̀yọ́ Ilé tú, ọmọ rẹ̀ jagun fún ọba Brazil.

Paraguay ní tirẹ̀ jagun dé orí ọmọ. Ní ọjọ́ 16, oṣù kẹjọ 1869, ní Acosta Ñu, ọmọdé ló pọ̀ jù nínú àwọn tó dúró níwájú ọmọ ogun Brazil. Àwọn àgbàlagbà ti tán. Ọjọ́ yẹn náà ni Paraguay ń ṣe Àyájọ́ Ọmọdé títí di òní. Nígbà tí wọ́n pa Solano López, olórí wọn, ní oṣù kẹta 1870, àwọn obìnrin ló kù tó tún orílẹ̀-èdè náà kọ́.

Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà kò ní gba wá lákòókò púpọ̀. Ìhà Àríwá tó mílíọ̀nù 22. Gúúsù jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́sàn-án, mílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ẹrú tí wọn kò lè gbé ìbọn lé lọ́wọ́. Ọkọ̀ ojú omi ń já àwọn ará Ireland àti Jámánì sílẹ̀ ní New York bí ogun ṣe ń lọ. Bí ẹrú kan bá sì sá kúrò ní Gúúsù lọ wọ aṣọ ogun Àríwá, ẹ̀ẹ̀mejì ni kíkà rẹ̀: ọ̀kan dín lóko níbí, ọ̀kan lé ní bárékè lọ́hùn-ún. Àwọn aláwọ̀ dúdú bí 180,000 ló wọ iṣẹ́ ogun Àríwá. Ní 1864, Gúúsù ti ń kó láti ọmọ ọdún 17 dé ẹni 50. Ọ̀gágun Grant kò sì fẹ́ kí wọ́n máa fi ẹlẹ́wọ̀n ogun ṣe pàṣípààrọ̀ mọ́, torí ó mọ ẹni tí kò ní arọ́pò.

Faransé wá ni orílẹ̀-èdè tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn ún wọ egungun. Ní 1800, kò sí orílẹ̀-èdè tó pọ̀ tó wọn ní ìwọ̀ oòrùn Yúróòpù. Wọ́n ti tó mílíọ̀nù 28. Ní oṣù kẹjọ 1793, ìjọba wọn ti pàṣẹ pé gbogbo àpọ́n láti ọdún 18 dé 25 ti di ọmọ ogun. Napoleon jogún àṣẹ yẹn, ó ná an bí ọmọ olówó ṣe ń ná ogún bàbá: ó kó àwọn tó tó 600,000, Faransé àti àwọn mìíràn, wọ Rọ́ṣíà ní 1812, díẹ̀ ló bá a padà. Àgbẹ̀ Faransé sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fètò sí ọmọ bíbí kí ìyókù Yúróòpù tó ronú kàn án. Ọ̀pọ̀ ló ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru òfin ogún, èyí tó ní gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ pín ilẹ̀ bàbá wọn. Àgbẹ̀ tí kò fẹ́ kí oko òun di wẹ́wẹ́, á bí méjì, á sinmi. Jámánì ń bí ní tirẹ̀. Ní 1871, lẹ́yìn tó ti na Faransé, Jámánì jẹ́ mílíọ̀nù 41, Faransé 36. Ní 1914, Jámánì ti di mílíọ̀nù 65 ó lé, Faransé kò tíì pé 40.

Àwọn ọ̀gágun Faransé mọ ìṣirò yìí lórí. Ní 1913, wọ́n sọ ọdún méjì tí ọmọ ogun fi ń sìn di mẹ́ta kí bárékè má baà ṣófo. Ṣáájú ìyẹn, ní 1910, ọ̀gágun kan tó ń jẹ́ Charles Mangin ti tẹ ìwé jáde pé àwọn aláwọ̀ dúdú Áfíríkà ló máa dí àlàfo náà. Báyìí ni àìbímọ àgbẹ̀ Faransé ṣe di wàhálà ní Kétu àti Pobè, ìlú Yorùbá ní Dahomey tó wà lábẹ́ Faransé.

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní dé, àwọn tó ju 160,000 ni Faransé kó ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Nǹkan bí 30,000 kò padà wálé. Ní Dahomey, iye ni wọ́n ń bù fún olóyè: mú ọkùnrin báyìí wá. Àwọn Ọ̀họ̀rí tó wà nínú igbó ẹlẹ́rẹ̀ ní tòsí Pobè kọ̀, wọ́n sì fi ìbọn kọ̀. Àwọn mìíràn ní ilẹ̀ Kétu kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Wọ́n di ẹrù lóru, wọ́n sọdá sí ìhà Gẹ̀ẹ́sì, sọ́dọ̀ ẹbí tí ààlà ti pín mọ́ wọn lọ́wọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju ti kọ ọ̀pọ̀ nǹkan lórí ìsásálà yìí, ohun tó sì ń tẹnu mọ́ ni pé sísá náà, ọ̀tẹ̀ ni. Ilẹ̀ tí ó lé ọ̀dọ́ rẹ̀ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì nítorí ogun, ó pàdánù wọn bí ẹni pé ọta ìbọn ló pa wọ́n. Síbẹ̀, ní 1918, Blaise Diagne, ọmọ Senegal tó wà nílé aṣòfin ní Paris, lọ káàkiri ó sì kó àwọn tó lé ní 60,000 sí i.

Nǹkan bí mílíọ̀nù kan àti 300,000 ọmọ ogun Faransé ló kú. Bí o bá wọ abúlé Faransé èyíkéyìí lónìí, wàá rí òkúta kan níwájú ilé ìjọba ìbílẹ̀ tàbí ṣọ́ọ̀ṣì, orúkọ sì tò lórí rẹ̀. Wo àwọn orúkọ ìdílé: ọ̀kan náà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò. Ohun tí kò sí lórí òkúta náà ló tún burú jù, ìyẹn àwọn ọmọ tí wọn kò bí. Láàárín 1915 sí 1918, ọkọ wà nínú kòtò ogun, ìyàwó wà nílé. Iye ọmọ tí wọ́n ń bí lọ́dún já wá sí nǹkan bí ìdajì. Ẹni tí wọn kò bí ní 1916 kò lè pé ogún ọdún ní 1936. Nígbà tí Hitler ń kó ọmọ ogun jọ, àwọn ọdún òfìfo yẹn dé ẹnu ọ̀nà bárékè Faransé bí gbèsè tó tó àkókò. Ní 1935, wọ́n tún fi ọdún kan kún ìsìn ológun, láti kó ẹni tó wà dúró pẹ́ dípò ẹni tí kò sí. Wọ́n mọ odi Maginot lẹ́bàá ààlà Jámánì, torí kọnkéré kì í rẹ̀ bí ènìyàn. Wọ́n sì ti fi òfin de ẹni tó bá ń polówó oògùn ìfètòsọ́mọ-bíbí láti 1920. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n dá àmì ẹ̀yẹ sílẹ̀ fún ìyá: idẹ fún ọlọ́mọ márùn-ún, fàdákà fún mẹ́jọ, wúrà fún mẹ́wàá. (Ìyá ọlọ́mọ mẹ́wàá kún Òkè Àdó ní Ìbàdàn nígbà náà, wúrà kankan ò kàn wọ́n.)

Ǹjẹ́ àìtó ènìyàn ló wá pa Faransé ní 1940? Ọ̀pọ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀, mi ò sì gbà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni ogun yẹn gbà. Bí a bá ro Faransé, Gẹ̀ẹ́sì, Belgium àti Netherlands pọ̀, iye ọmọ ogun wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti Jámánì. Jámánì ṣẹ́gun wọn kí ẹnikẹ́ni tó nílò arọ́pò. Èyí ni àṣìṣe tí àwọn olùfẹ́ iye máa ń ṣe: ogun kúkúrú kì í dúró ka orí. Ní 1967, Israel tí kò pé mílíọ̀nù mẹ́ta ṣẹ́gun Íjíbítì, Syria àti Jordan láàárín ọjọ́ mẹ́fà. Ká ní ogun náà di ọdún mẹ́fà, ìtàn mìíràn là bá máa sọ.

Ogun Jámánì àti Sófíẹ́ẹ̀tì wá fi ojú kejì hàn wá. Hitler wọ ilẹ̀ wọn ní ọjọ́ 22, oṣù kẹfà 1941, ó rò pé ogun kúkúrú ni. Jámánì jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 80, Sófíẹ́ẹ̀tì ju 190 lọ. Kí ọdún tó parí, Stalin ti pàdánù ọmọ ogun tó ju mílíọ̀nù mẹ́ta lọ. Kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn ní Yúróòpù tí ìyẹn kò ní pa. Àmọ́ wọ́n ní ẹni tó kàn, wọ́n sì ní ẹni tó tún kàn lẹ́yìn ìyẹn. Mílíọ̀nù 34 ni wọ́n kó wọ iṣẹ́ ogun títí ogun fi parí; àwọn obìnrin bí 800,000 wà nínú wọn. Wọ́n tú ilé iṣẹ́ ńláńlá tó ju 1,500 palẹ̀, wọ́n fi ọkọ̀ ojú irin gbé wọn lọ sí ìlà oòrùn, torí arọ́pò tí kò ní ìbọn, òkú ọ̀la ni. Jámánì kò ní ẹni tó kàn. Nígbà tó fi máa di 1945, ó ń to àgbàlagbà àti ọmọ iléèwé sí ojú títì Berlin.

Iye tí Sófíẹ́ẹ̀tì fi ra ìṣẹ́gun yẹn, ẹ̀mí mílíọ̀nù 27 ni. Ìkànìyàn 1959 wọn ló fi í hàn gbangba: obìnrin fi nǹkan bí mílíọ̀nù 20 ju ọkùnrin lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ìkànìyàn mìíràn nílẹ̀ kan náà, torí ó jọ mí lójú. Ní 1937, wọ́n kà, wọ́n rí mílíọ̀nù 162. Stalin ti ń polongo iye tó jù bẹ́ẹ̀ lọ fáyé gbọ́. Àwọn tó kú sínú ìyàn tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ ni kò jẹ́ kí ìṣirò pé. Ó ti ìwé náà mọ́ àpótí, wọ́n sì yìnbọn pa olórí ilé iṣẹ́ tó ka ènìyàn. Ní 1939, àwọn tó rọ́pò rẹ̀ rí mílíọ̀nù 170.

Bí ènìyàn bá pọ̀ láìsí ohun ìjà àti ètò ńkọ́? Ṣáínà ju Jàpáànù lọ bí ìlọ́po méje ní 1937, síbẹ̀ Jàpáànù gba àwọn ìlú etíkun rẹ̀ láìpẹ́ rárá. Ohun tí iye náà ṣe fún Ṣáínà ni pé kò jẹ́ kí Jàpáànù lè parí ogun: ó gbà, ó gbà, kò tán, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sì há síbẹ̀ títí di 1945. Vietnam tún yé ni jù. Amẹ́ríkà ń ka òkú ọ̀tá lójoojúmọ́, wọ́n ń dúró de ọjọ́ tí ikú máa ju arọ́pò lọ. Ṣùgbọ́n ìṣirò àwọn fúnra wọn ni pé nǹkan bí 200,000 ọmọkùnrin ló ń tó ogun lọ lọ́dọọdún ní Àríwá Vietnam. Ọjọ́ tí wọ́n ń retí kò dé.

Iran àti Iraq jà láti 1980 dé 1988. Iran jẹ́ bí ìlọ́po mẹ́ta Iraq, ó sì rán àwọn ọ̀dọ́langba ṣáájú lórí ilẹ̀ tí wọ́n ri bọ́ǹbù mọ́. Iraq ní ọkọ̀ ogun, gáàsì olóró àti owó àwọn ọ̀rẹ́. Ọ̀mì ni wọ́n ta. Ní 1989, ìjọba Iran tó ti ń rọ obìnrin láti bímọ fún ìsìn àti ìlú yíjú padà, ó ń pín oògùn ìfètòsọ́mọ-bíbí lọ́fẹ̀ẹ́, nígbà tó sì fi máa di nǹkan bí 2000, ọmọ méjì péré ni obìnrin Iran ń bí.

Mi ò lè kọ èyí kí n fo tiwa. Ìjà lórí ìkànìyàn 1962 wà lára ohun tó da àárín àwọn olóṣèlú Nàìjíríà rú. Wọ́n fagi lé e, wọ́n tún kà ní 1963, wọ́n ní a jẹ́ mílíọ̀nù 55 àti díẹ̀, Ìlà Oòrùn kò gbà. Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ ní 1967, ọmọ ogun Nàìjíríà jẹ́ nǹkan bí 10,000. Nígbà tó parí ní 1970, ó ti tó 250,000. Biafra, ìyẹn Ìlà Oòrùn tó ya kúrò, kò ní orísun bẹ́ẹ̀. Bí ilẹ̀ rẹ̀ ṣe ń sún kì, bẹ́ẹ̀ ni ogunléndé ń há mọ́ra nínú èyí tó kù, tí ọ̀nà òkun sì ti di pípa. Ẹni tó bá ti ka ìtàn Ìjàyè ti mọ ìyókù. Ebi pa àwọn ọmọdé ju ọta lọ.

Ogun tó wà nílẹ̀ báyìí ló sì mú mi jókòó kọ èyí. Ukraine gba òmìnira ní 1991 pẹ̀lú nǹkan bí mílíọ̀nù 52 ènìyàn. Ọrọ̀ ajé dojú dé, àwọn ọ̀dọ́ ṣí lọ wá iṣẹ́, àwọn tó dúró kò bímọ mọ́. Ní 2001, nǹkan bí 376,000 ọmọ péré ni wọ́n bí ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà, bí ìdajì iye tí wọ́n ń bí ní ogún ọdún ṣáájú. Àwọn ọmọ ọdún yẹn ló pé 21 nígbà tí Rọ́ṣíà ya wọlé ní 2022. Èyí ló fà á tí ìjọba Ukraine fi ń ṣe ohun tó ya àwọn àlejò lẹ́nu: wọn ò kó ọmọ ọdún 18 lọ sójú ogun ní tipátipá. Ẹni ọdún 27 sókè ni wọ́n ń kó tẹ́lẹ̀, ní oṣù kẹrin 2024 ni wọ́n mú un wá sí 25. Àwọn tó wà nínú kòtò ogun ti ń sún mọ́ ogójì ọdún, òmíràn ti kọjá á. Àwọn olóṣèlú Amẹ́ríkà kan ti bínú sí wọn pé kí ló dé. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìwé ìbí 2001. Àwọn ọmọ díẹ̀ yẹn náà ló yẹ kó bí Ukraine tó ń bọ̀, bí wọ́n bá sì kú, kò sí ẹni tó máa bí i. Faransé ti rí i rí.

Rọ́ṣíà fi bí ìlọ́po mẹ́ta ààbọ̀ jù wọ́n lọ, òun náà sì ń dín kù. Ó ní kí 300,000 wọlé ogun ní oṣù kẹsàn-án 2022, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sì sá gba ààlà lọ. Láti ìgbà náà, owó gọbọi ló fi ń wá àwọn tó ń lọ. Ó kó ẹlẹ́wọ̀n, ó sì mú ọmọ ogun wá láti Àríwá Kòríà ní 2024. Bí mo bá ní láti sọ ti ẹnu mi, drone kò tíì fagi lé òfin arọ́pò yìí, ó kàn sọ ọ́ di wíwọ́n ni. Ogun tó bá ti kọjá ọdún kejì, ìwé ìbí ogún ọdún ṣáájú ló ń jà á.

Ìgbà tí Ukraine ka ènìyàn rẹ̀ kẹ́yìn ni 2001, ọdún kan náà tí ọmọ bíbí wọn lọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí Nàìjíríà kà kẹ́yìn ni 2006. Èyí tí a fẹ́ kà ní 2023, wọ́n sún un síwájú, a ò tíì kà á.